Kẹ́hìndé Lijadu nìkan: ṣé a lè sọ ìtàn wọn láìdárúkọ Táíwò?

Àlàmú_Aláwo:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ń múra ètò rédíò kékeré kan sílẹ̀ lórí àwọn obìnrin tó kọrin ní Nàìjíríà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tirẹ̀. Mo ti parí ti Salawa Àbẹ̀ní, ti Christy Essien-Igbokwe náà kù díẹ̀. Ẹni tó wá há mi lọ́fun bí eegun ẹja ni Kẹ́hìndé Lijadu, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tí ayé mọ̀ sí Lijadu Sisters.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. N kò lè kọ gbólóhùn méjì nípa rẹ̀ kí "ó" má di "wọ́n". A bí wọn ní Jos, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1948. Wọ́n kọrin fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Decca. Wọ́n ṣe àwo mẹ́rin láàárín 1976 sí 1979. Wọ́n kó lọ sí New York. Ibì kan péré ni mo ti kọ "ó" láìṣiyèméjì, ìyẹn ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2019 tó kú, lẹ́ni ọdún 71.

Ṣé ikú nìkan ni Kẹ́hìndé dá ṣe ni? Ẹ gbà mí o.

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè:

Àlàmú, o kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tí àwo wọn, Danger, jáde ní 1976. Afrodisia ló gbé e jáde, ẹ̀ka Decca sì ni Afrodisia. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ló rà á. Kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bó bá ti gba ẹnu ọ̀nà jáde báyìí, abẹ́rẹ́ ti dé orí àwo nìyẹn. Orin tí wọ́n pè ní "Amebo" la máa ń kọ́kọ́ gbé sí i, nítorí pé ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà mọ Àmẹ́bọ̀ inú Village Headmaster, èyí tí Ibidun Allison ṣe. Ibẹ̀ náà ni a ti rí orúkọ tí a ń pe olófòófó títí dòní.

"Cashing In" ni bàbá wa kì í fẹ́ gbọ́. Ó ní àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń bú àwọn tó wà lórí oyè, ẹnu wọn á kó bá wọn. Ẹ rántí irú ọdún tó jẹ́. Oṣù Kejì 1976 ni wọ́n pa Murtala, sọ́jà ló wà nípò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, oṣù Kejì 1977, àwọn sọ́jà dáná sun ilé Fela, mọ̀lẹ́bí Fela sì ni àwọn ìbejì yìí. Ọdún 1977 yẹn kan náà ni wọ́n gbé Mother Africa jáde. Wọn ò sá.

Lẹ́yìn náà ni Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, orin sì parí. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Ọ̀yọ́:

Àlàmú, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí wọ́n bí ní 1948 lo fẹ́ máa pè ní "ó"? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni?

Kọ "wọ́n" kí o sinmi. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, "wọ́n" ni. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹnì kan tó jù ọ́ lọ, "wọ́n" náà ni. Èdè wa ti bá ọ yanjú ẹ̀, ìwọ ló ń wá wàhálà.

Ohun kejì: gbogbo ibi tí mo ti ń rí orúkọ wọn, "Táíwò àti Kẹ́hìndé" ni wọ́n ń kọ, bíi pé Kẹ́hìndé ni àbúrò. Èmi tí mo bí ìbejì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá bá òun sọ bí ó ṣe rí. Bí o bá fẹ́ ìtàn tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó dúró sẹ́yìn tó ń gbọ́.

Àlàmú_Aláwo:

Ah. Ẹ ṣeun mà. Mo gba ìbáwí.

Onílù_Agége:

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà o. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Ginger Baker. Onílù òyìnbó tó lu ìlù fún Cream, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Ní 1971 ó gbé ọkọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, ọ̀rẹ́ sì ni òun àti Fela. Òun àti Táíwò Lijadu fẹ́ra sọ́nà. Ó kó ẹgbẹ́ olórin kan jọ tí wọ́n ń pè ní Salt. Berkley Jones wà níbẹ̀, Laolu Akins wà níbẹ̀, àwọn tó padà di ẹgbẹ́ olórin BLO. Àwọn ìbejì ló ń kọrin. Ní 1972 ni wọ́n lọ kọrin ní Munich ní Jámánì, lásìkò eré Òlíńpíìkì.

Láti ibẹ̀ ni òkè òkun ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn. Àlàmú, má fo èyí o.

ÌyáÌbejì_Ọ̀yọ́:

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa gbé e dé. A ní kí ẹ bá wa sọ̀rọ̀ nípa Kẹ́hìndé, ẹ lọ mú ẹni tó fẹ́ Táíwò wá, onílù sì tún ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọmọ yìí ní. Kó wá fi márùn-ún sọ̀rọ̀ ọkùnrin òyìnbó?

Onílù_Agége:

Mà, ẹ má bínú. Onílù lèmi náà, ara mi ló gbé mi.

Ohùn_Kejì:

Ẹ kú àsìkò yìí. Àlítò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ibòmíì wọ̀ ọ́.

Ẹ wá àyè jókòó ti "Life's Gone Down Low", kí ẹ fetí sí ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún un gbọ́. Bí etí yín bá dà bíi tèmi, ẹ óò rí i pé kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi di ohùn kan tó nípọn. Akọrin méjì tí kì í ṣe ìyá kan ló bí wọn lè kọ́ àkọsílẹ̀ orin kan náà fún ọdún mẹ́wàá kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹnì kan á máa ṣí ju ti ẹnì kejì lọ, fáwẹ̀lì ẹnì kan á fẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá máa ń ní àǹfààní ọ̀fun tó jọra àti ilé kan náà tí wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ti ìbejì olójú kan wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtimí pàápàá, ibì kan náà ni wọ́n ti ń mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ iṣẹ́ níbẹ̀, tí kì í ṣe àbínibí, ni bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èdè wa kò gba kí orin kàn máa lọ bó ṣe wù ú. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: bí ohùn bá yẹ̀, ọkùnrin di irin iṣẹ́ àgbẹ̀, irin iṣẹ́ àgbẹ̀ di mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí àwọn orin ìjọ àtijọ́ tí wọ́n kó Yorùbá sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń dà bí èdè àjèjì létí wa. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, wà lára àwọn tó tún èyí ṣe. Ó lọ sí London ní 1922, ó kọ orin Yorùbá sórí àwo Zonophone, ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ sì ń bá ara wọn rìn.

Ìyẹn fún ohùn kan. Bí ẹ bá wá fi ohùn kejì kún un, ìjà bẹ̀rẹ̀. Nínú orin Gẹ̀ẹ́sì, àlítò lè máa lọ sísàlẹ̀ nígbà tí sòpúráánò, ohùn òkè, ń gòkè, ó máa ń dùn gan-an ni. Bí a bá ṣe é ní Yorùbá, ẹni tó wà lókè á sọ ọ̀rọ̀ tó pé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sínú ẹ̀. Nítorí náà ẹni kejì gbọ́dọ̀ máa bá ẹni àkọ́kọ́ gòkè, kó máa bá a sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àlàfo kan náà láàárín wọn, bí ẹni méjì tó gbé àkàbà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa ń nira fún jù. Òun ni kò rí ọ̀nà, tí kò sì gbọdọ̀ ṣìsẹ̀ gbé.

Ẹ lọ gbọ́ "Orere Elejigbo" lórí Horizon Unlimited ti 1979, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti yẹ̀. Èmi ò rí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:

Àlítò, ẹ ti jẹ́ kí n mọ ìdí tí ẹgbẹ́ akọrin tiwa fi ń sọ pé Jésù ni mọ́tò ìjọ.

Ohùn_Kejì:

😂 Ẹ lọ bá ọ̀gá akọrin yín.

Onílù_Agége:

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kí ÌyáÌbejì lè foríjì mí.

Nínú orin wa, ì báà ṣe jùjú, ì báà ṣe wákà, ì báà ṣe sákárà, ẹnì kan ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Salawa Àbẹ̀ní ń lé, àwọn elégbè wà lẹ́yìn. Orúkọ ẹni tó ń lé ló máa ń wà lára páálí àwo. Ta ló mọ orúkọ elégbè? Bí mo ṣe gbọ́ orin àwọn Lijadu tó, n kò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti di elégbè fún ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì ló ń lé. Bí ègbè bá kàn, àwọn méjèèjì náà ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé elégbè ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n máa ń lọ bá àwọn olórin mìíràn gberin ní sítúdíò Decca kí wọ́n tó ṣe "Iya Mi Jowo" tiwọn ní ìparí àwọn ọdún 1960. Látìgbà náà wọn ò padà sẹ́yìn mọ́. Ní Salt pàápàá, bí òyìnbó ṣe gbajúmọ̀ tó, àwọn ni wọ́n wà níwájú maikirofóònù.

Àlàmú, bí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni n óò gbé ìtàn Kẹ́hìndé lé. Obìnrin tí kò ṣe elégbè ẹnikẹ́ni, tí kò sì sọ ẹnikẹ́ni di elégbè.

ÌyáÌbejì_Ọ̀yọ́:

Mo ti foríjì ọ́.

Àwo_Mushin:

Mo ń ra àwo àtijọ́, mo ń tà á, iṣẹ́ mi nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè to ọdún wọn, kò ní ṣe bí ẹni ń bá àgbà jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Kẹ́hìndé ṣubú, orin sì parí. 1996 ni wọ́n ṣubú. Àwo tuntun tó kẹ́yìn, Horizon Unlimited, 1979 ni. Ẹ wo àlàfo ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìṣubú yẹn kọ́ ló pa orin náà. Orin ti dákẹ́ kó tó di pé àtẹ̀gùn gbé wọn ṣubú.

Bí ó ṣe lọ rèé. Urede jáde ní 1974, Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Láti 1976, àwo kan lọ́dún kan fún ọdún mẹ́rin gbáko, Biddy Wright ló bá wọn ṣe é. Ọkùnrin yẹn lè fọwọ́ kan gbogbo ohun èlò orin. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi bí ìgbà tí omi ẹ̀rọ dá. Ní 1984, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Shanachie ní Amẹ́ríkà gbé Double Trouble jáde fún àwọn tí kò gbọ́ wọn rí. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn ni wọ́n kó lọ sí Brooklyn ní New York.

Kí ló fà á? Ẹni tó bá ta àwo bíi tèmi mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà yẹn ló ni sítúdíò, òun ló ni ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo, òun náà ló ń ka iye tó tà, òun náà ló wá ń sọ fún olórin pé iye báyìí ló tà. Aláwo, aláròyé, adájọ́, ẹnì kan náà. Olórin tó ní ọjà ìta bíi Sunny Adé tàbí Obey, òde àríyá ni owó rẹ̀ wà. Wọ́n ń ná an lówó lójú agbo lálẹ́ Sátidé, kò dúró de ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn ìbejì yìí kì í ṣe olórin òde àríyá. Wọn kì í ki ènìyàn. Orin wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ olówó. Orí àwo ni oúnjẹ wọn wà, ẹlòmíì ló sì di ìkòkò náà mú.

Àwọn fúnra wọn wà nínú fíìmù Konkombé tí Jeremy Marre wá yà ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ wò ó. Ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè:

Ọmọ yìí, o tọ̀nà. Mo ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí a ṣe ń wá ìdí tí olórin fi dákẹ́, ìjàǹbá ló rọrùn jù láti sọ.

Ọ̀rọ̀ òde àríyá yẹn, mo lè jẹ́rìí sí i. N kò rántí pé mo bá wọn pàdé ní òde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú rí, bí mo ṣe jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù kiri Èkó tó. Inú ilé la ti ń gbọ́ wọn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:

Èmi ò gbọ́ wọn nínú ilé rí o. Lórí fóònù ni mo ti bá wọn pàdé. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Jámánì ló fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé o mọ àwọn ará ilé yín yìí. Ojú tì mí.

Àwo_Mushin:

Má jẹ́ kó tì ọ́, ìwọ nìkan kọ́. Nǹkan bí 2011 ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Knitting Factory bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀, ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun fi mọ̀ wọ́n. Ní 2014 wọ́n jáde sórí ìtàgé ní Brooklyn, níbi tí David Byrne, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orin William Onyeabor ará Enugu. Kẹ́hìndé ti lé ní 65, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn ìṣubú yẹn. Wọ́n dúró, wọ́n kọrin.

Ní 2024, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Numero Group tún tẹ Horizon Unlimited. Àwọn oníbàárà mi tó ń béèrè fún un báyìí, púpọ̀ nínú wọn ni wọn ò tíì bí ní 1996.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère ìbejì, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ, kí ẹni tó kù má bàa dá wà. Ṣé a ò lè sọ pé àwọn àwo yìí ni ère Kẹ́hìndé? Àlàmú, o lè fi í parí ètò rẹ.

ÌyáÌbejì_Ọ̀yọ́:

Rárá o.

Ìyá mi àgbà ní ère méjì nínú yàrá rẹ̀, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń rí bó bá ń fi osùn pa wọ́n. Kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ẹwà ọ̀rọ̀. Táíwò ṣì ń bẹ láyé nígbà tí Kẹ́hìndé lọ. Ẹni tó jẹ́ pé láti inú ikùn ni wọ́n ti ń mí pọ̀, ẹ ó wá fi rédíò sọ fún un pé igi ni ẹnì kejì rẹ̀? Àwo ni kí ẹ pe àwo.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:

Mo dọ̀bálẹ̀ mà.

Àlàmú_Aláwo:

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. N kò sùn lálẹ́ àná. Mo ti ya ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, mo tún un ṣe. Munich wà níbẹ̀, gbólóhùn kan péré, a ò sì dárúkọ ẹni tó fẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Kẹ́hìndé Lijadu ni àgbà. Táíwò ni wọ́n rán wá sáyé ṣáájú, ní Jos, ní 1948. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, elégbè ni wọ́n jẹ́ ní sítúdíò Decca, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í sí lára páálí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kúrò lẹ́yìn, wọ́n bọ́ síwájú, wọn ò sì padà mọ́. Wọ́n ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀yìn àkàbà, wọ́n ń kọ ohùn òkè bí ẹni gbé iwájú. Wọn ò ki olówó. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí àwọn tó wà lórí oyè nígbà tí ó léwu. Wọ́n ṣubú ní 1996, wọ́n dìde, wọ́n kọrin ní 2014."

Láti ibẹ̀ títí dé òpin, n kò kọ "ó" níbì kankan.

Ohùn_Kejì:

Àlàmú, ó dára. Ohun kan péré: bí o bá ń kà á lórí afẹ́fẹ́, má sáré ka "wọ́n ń kọ ohùn ìsàlẹ̀" yẹn. Bí o bá kán an lójú, "wọ́n kọ ohùn ìsàlẹ̀" ni a ó gbọ́, a ó sì rò pé wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Àlàmú_Aláwo:

Mo ti gbọ́. Sátidé ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwo_Mushin, ẹ bá mi wá Mother Africa tí kò họ, mo máa wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Àwo_Mushin:

Ọ̀kan ló kù. Ó họ díẹ̀ lápá kejì, níbẹ̀rẹ̀. Bí o bá fi ohùn rẹ bo ibẹ̀, wọn ò ní gbọ́.